Ìpayà Tí Ń Kù Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin sọ níwájú àwọn aṣojú níbi ìpàdé àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ó ti mọ́ yín lára pé bí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin bá dìde, ọ̀rọ̀ ọjà tàbí ọ̀rọ̀ owó ni a óò sọ: iye tí gàárì dé, tàbí ìdí tí èlé ẹ̀yáwó fi ga. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí i kí a tó jókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin inú ẹgbẹ́ wa ni, àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ mú ní ọyàn, tí wọ́n gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń bẹ láàyè láàárín wa.

A rí i pé bí a ti dárúkọ àrùn náà báyìí, àwọn kan ti ń fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n ń wí pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i. Àmín o. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti rí i, wọ́n sì jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú wa. Nígbà tí a bá ń pe ohun tí ó ṣe wọ́n ní "àrùn burúkú" tàbí "nǹkan yẹn", tí a ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé òkú wà nínú ilé, kí ni a rò pé ó ń lọ lọ́kàn wọn? Jẹjẹrẹ ọyàn ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ni a óò sì máa pè é títí a ó fi parí.

Òun ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní gbogbo ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, nǹkan bí 2,300,000 obìnrin ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn, tí nǹkan bí 670,000 sì kú. Ní ìlú Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì àwọn tí ó ń mú lọ tí wọ́n ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ wọn ni kò tí ì pé àádọ́ta. Ara ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè wa. Ara rẹ̀ sì tún wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ohun tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ òbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1980, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí tí àrùn náà fi ń tètè mú àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ìran Áfíríkà, tí ó sì máa ń le lára wọn. Iṣẹ́ náà ni wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní ọdún 2005. A mú èyí wá kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé àwọn ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ó jẹ̀bi ìyàálé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí obìnrin bá ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, ojú gbogbo ènìyàn ni ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ọbẹ̀ wá, ìjọ ń gbààwẹ̀, ẹgbẹ́ rán ẹni méjì pẹ̀lú àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ ọjọ́ tí yóò lọ, ó mọ nọ́ọ̀sì tí yóò bá lórí àga, ó mọ ìgbà tí èébì yóò dé àti ìgbà tí yóò lọ. Lẹ́yìn náà ni dókítà wí fún un pé, "Màmá, a ti ṣe tán, ó di oṣù mẹ́ta." Gbogbo ilé yọ̀. Wọ́n pa adìẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olúkúlùkù ti gba abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tí ń béèrè mọ́ bóyá ó sùn.

Nígbà náà gan-an ni ìpayà ń bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ju ẹnì kan lọ: pé nígbà tí oògùn ń wọ ara, ọkàn àwọn balẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹnì kan ń bá àwọn jà, ọjọ́ tí oògùn dáwọ́ dúró ni ó dà bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó kù lójú ogun. Bí orí bá fọ́, ṣé ó ti dé ọpọlọ ni? Bí ẹ̀yìn bá dun obìnrin tí ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹrù láti àárọ̀, ṣé ó ti wọ egungun ni? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò pe ẹni náà ní òmùgọ̀ o. Wọ́n mọ̀ pé ejò bù ú jẹ lóòótọ́.

Ìpayà yìí ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ kíníìkì bá súnmọ́, tí obìnrin kò ní lè jẹun, tí yóò máa jágbe mọ́ ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó máa ń dé bí ó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kíníìkì tí ó wo ọ̀tún wo òsì, tí kò rí obìnrin tí wọ́n jọ ń gba oògùn ní ọdún tó kọjá, tí kò sì ní ìgboyà láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó máa ń dé ní ọjọ́ tí ó pé ọdún tí wọ́n ti là á. Ní oṣù Oṣù Kẹwàá pàápàá, nígbà tí rédíò bá ń kéde jẹjẹrẹ ọyàn láti àárọ̀ dalẹ́, tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ aláwọ̀ osùn fífẹ́rẹ́, àwọn kan wà tí wọ́n ń pa rédíò wọn. Ìkéde náà dára, kí a má dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ẹni tí ó ti ní i rí náà ń gbọ́.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ó wà lábẹ́ àjọ wa, tí a kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni ọdún 34 ni, ọmọ méjì ni ó bí, aṣọ ọmọdé ni ó ń tà. Wọ́n gé ọyàn òsì rẹ̀, ó gba oògùn tán, ara rẹ̀ sì yá. Ó gbà wá láyè láti sọ èyí tí ó kù. Ní òru, lẹ́yìn tí ọkọ bá ti sùn, yóò máa fi ìka wá kókó nínú ọyàn kejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ọyàn náà yóò fi máa dùn ún. Ìrora náà yóò sì tún di ẹ̀rù tuntun. Nígbà tí ọdún Iléyá ń bọ̀, kò ra ọjà. Ó ní kí ni òun ń ra ọjà oṣù mẹ́ta fún? Ó ta èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀dínwó, ó gba owó ìfipamọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó pín in sí àpò méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ wọn sí i. Ẹgbẹ́ rò pé ó ti di aláìbìkítà. Wọ́n kọ owó ìtanràn sí i lọ́rùn nítorí pé kò wá sí ìpàdé.

Ìpayà ni ó tú ọjà náà ká. Jẹjẹrẹ kò sí lára rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára rẹ̀ di òní tí a ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ padà bọ̀ sípò, tí ó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó kọ ìwé fún ẹ̀yáwó. Ẹni tí yóò ṣe onídùúró kò sí. Ẹnì kan sọ ọ́ létí rẹ̀ pé, "Bí ó bá kú ńkọ́, ta ni yóò san án?" Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn lóru fún oṣù mẹ́rìnlá kí a tó bá a béèrè rẹ̀ ní gbangba.

Ìrònú ìyá àgbà tí jẹjẹrẹ mú àti ti ọ̀dọ́bìnrin kò dọ́gba. Ẹ̀rù ń ba ìyá àgbà náà, ṣùgbọ́n ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ tán. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí káàkiri ayé ti rí i léraléra pé àwọn ọ̀dọ́ ni ẹ̀rù pé àrùn yóò padà wá máa ń pọ̀ jù lọ́kàn wọn, pé kì í sì í fúnra rẹ̀ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọmọ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Àwọn kan kò tí ì lọ́kọ, wọ́n sì ń rò ó ìgbà wo ni kí wọ́n sọ fún ọkùnrin tí ń wá wọn, ṣé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tàbí lẹ́yìn tí àwọn ìyàwó ilé bá ti mọ̀. Oògùn alágbára tí wọ́n ń fà sí iṣan lè dá nǹkan oṣù dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè dá a dúró pátápátá. Tamoxifen, oògùn oníhóró tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún ọdún márùn-ún, tí àwọn mìíràn ń lò ó tó mẹ́wàá, a máa mú kí ooru ru bo ènìyàn lójijì bí ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ. Obìnrin ẹni ọdún 31 ń fi ìwé ìpàdé fẹ́ ara rẹ̀ láàárín ọjà, àwọn ènìyàn sì ń wò ó pé oyún ni.

Nípa oyún, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omijé máa ń pọ̀ sí. A kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tí a bá ń lo Tamoxifen, nítorí ó lè ṣe ọmọ inú ní ibi. Èyí ni ó mú kí àwọn kan dá oògùn náà dúró ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ìyá ọkọ ń wo ikùn wọn. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ọdún 2023, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, lórí àwọn obìnrin tí ó lé ní 500, tí wọn kò ju ẹni ọdún 42 lọ. Àwọn obìnrin yìí ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ sí ọdún méjì àtààbọ̀, wọ́n wá dá a dúró fún ọdún méjì pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà wọn kí wọ́n lè bímọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àrùn kò padà sára wọn ju bí ó ti padà sára àwọn tí kò dá a dúró. Ọdún mẹ́ta kò pẹ́, a sì ń retí èyí tí yóò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá fẹ́ bímọ lè sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀ ní ojúkojú, kí ó sì tilẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa ìgò oògùn àkọ́kọ́ sí i lára, nítorí ìgbà náà ni ohun tí a lè ṣe pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí ó nira láti sọ ní gbangba, nítorí àwa náà jẹ́ onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Obìnrin tí ara rẹ̀ bá yá, a máa mú un jẹ́rìí. Ó dúró níwájú ìjọ, ó ní Olúwa ti mú òun lára dá pátápátá, gbogbo ènìyàn pariwo. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, bí ẹ̀rù bá bà á, ta ni yóò sọ fún? Wọn yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò rò pé bí òun bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹnu òun ni yóò fa àrùn náà padà. Ó ti di pé kí ó máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì gbìyànjú láti la ẹnu, ìdáhùn tí a ní fún un ni "Ọlọ́run ò ní jẹ́", a sì ti pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀ wá pé kí a sọ fún yín: bí àwọn bá ní ẹ̀rù ń ba àwọn, kí ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ tán. Kí ẹ tó wá ṣe àmín.

Kí ni ó ti ràn wọ́n lọ́wọ́? A bi wọ́n, a sì bi àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Mímọ ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ń dín ìbẹ̀rù kù. Àwọn kan kúrò ní ilé ìwòsàn láìsí ẹni tí ó sọ fún wọn ohun tí wọn yóò máa wò, gbogbo ohun tí ó bá ta ara ni ó sì di jẹjẹrẹ. Ohun tí ó yẹ kí a gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ni kókó tuntun ní ọyàn, ní abẹ́ apá tàbí ní ojú àpá. Egungun tí ń dùn tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró. Èémí tí kò tó. Orí fífọ́ tí ń le sí i. Ìwọ̀n ara tí ń lọ sílẹ̀ láìnídìí. Bí èémí bá ń ká ènìyàn lára, kí ó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn tí ó dùn lónìí tí ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́túnla, ẹ̀yìn ẹni tí ó gbé ẹrù ni. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́fà mẹ́fà ni a ń rí dókítà; ní ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan; lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú fọ́tò ọyàn tí wọ́n ń pè ní mámógíráàmù lọ́dọọdún. Àwọn kan ń ná owó ọjà wọn lórí fọ́tò gbogbo ara ní oṣooṣù, láti fi ra ìbàlẹ̀ ọkàn ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá sí àmì kankan, àwọn onímọ̀ kò ní kí a máa ṣe é. Yíyẹ ọyàn wò ní òru mẹ́wàá kò sì sàn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: ó fún ẹ̀rù ní àkókò tirẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìwé, ó kọ gbogbo ohun tí ń bà á lẹ́rù sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá dé ní òru, ó wí fún un pé kí ó di aago márùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ èyí fún wa. Ó ní ní ìgbà mìíràn, bí aago márùn-ún bá lù, oníbàárà yóò ti wà níwájú òun, òun yóò sì gbàgbé.

Rírìn náà ṣe é ní àǹfààní. A dábàá fún àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú tán pé kí wọ́n máa rìn kánmọ́kánmọ́ tó wákàtí méjì àtààbọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń dín àárẹ̀ kù, ó ń mú oorun wá, ó sì ń fa ọkàn kúrò nínú ìrònú. Apá tí ó wà ní ìhà tí wọ́n là lè wú, nítorí náà kí ẹni tí ń gbé ẹrù bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí ó bá rí i pé òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ ń fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí ó má gbé nǹkan kan mọ́ láé ń tàn án jẹ.

Èyí tí ó ga jù lọ ni ẹni tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Ní New York ní ọdún 1952, wọ́n gé ọyàn obìnrin kan tí ń jẹ́ Terese Lasser. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àwọn mìíràn lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ó ń fi ara rẹ̀ hàn wọ́n pé òun nìyí, òun ṣì ń bẹ. Àwọn dókítà kan lé e jáde. Ó tún padà lọ. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ ńlá tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà mọ́ra, ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Kò sí ìwé ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Obìnrin kan ń jókòó ti obìnrin kejì ni. Kí a má sì rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ọgbọ́n yìí ti wá: ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aró l'Abẹ́òkúta, inú àwọn abúlé ìtòsí ni ó fi wọ́n wọ̀ sí, ó sì ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ìbátan kan lọ́wọ́, tí yóò máa dáná fún un tí yóò sì máa bá a gbé. Gbogbo ayé wá wò ó. Ohun tí ó wà ní ilé wa tẹ́lẹ̀ ni ó lò.

Àwọn kan wà tí ìpayà wọn kọjá ohun tí ọ̀rẹ́ àti ìrìn lè gbé. Bí obìnrin kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò jẹun, tí àyà rẹ̀ ń já lójoojúmọ́, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kúkú kú, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe wèrè. Ìtọ́jú wà fún un, ti ìjíròrò àti ti oògùn. Kí ó sọ fún dókítà náà bí ó bá ń lo Tamoxifen, nítorí àwọn oògùn ìbàlẹ̀ ọkàn kan wà tí ń dín agbára Tamoxifen kù, ó sì ní láti yan èyí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbo pẹ̀lú, kí ó dárúkọ rẹ̀ fún dókítà kí ó tó mu ún.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀ lẹ́nu wa. Àwọn obìnrin kan sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti là àwọn, inú òkùnkùn ni àwọn ti ń wẹ̀. Ọkọ rò pé òun ń bọ̀wọ̀ fún un bí kò bá wo ibẹ̀. Aya rò pé ó ń kórìíra òun. Ẹ bá ara yín sọ ọ́. Jẹjẹrẹ kì í ranni, ẹ jọ lè lo ibùsùn kan, abọ́ kan.

Ní ti aṣọ, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ìdààmú máa ń bá wọn, pàápàá bí aṣọ ẹbí bá dé. Àwọn télọ̀ inú ẹgbẹ́ wa lè rán àpò kékeré sínú kọ́mú kí wọ́n sì fi òwú kún un dáadáa. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí ó ti òkè òkun wá. Ẹni tí kò bá sì fẹ́, kí a fi í sílẹ̀. Audre Lorde, akéwì aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 44 ni nígbà tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀ ní ọdún 1978. Nígbà tí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé bí ó ti ṣe wá yẹn ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀. Inú bí i, ó sì fi í sínú ìwé tí ó kọ lórí àrùn náà ní ọdún 1980. Nínú ìwé yẹn náà ni ó ti rántí àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì, ní ìtòsí wa níhìn-ín. Ó gbé ọdún 14 sí i láyé, ó sì ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó tí a ṣe ìlérí. A gbọ́ ohun tí àwọn akápò ń wí: owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó àánú. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí a ń ṣe onídùúró fún. Ọlọ́kadà tí ń sáré lójú títì láti ìdájí, a ń dúró fún un. Awakọ̀ tí ń lọ sí Èkó lóru, a ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, a kì í béèrè pé bí ó bá kú ńkọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nínú 100 obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn mú, ó ju 90 lọ tí wọ́n ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ, owó ìtọ́jú sì wọ́n. A kò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀, ẹni tí ó tètè lọ, tí ó gba ìtọ́jú pé, tí ó sì ń lọ sí kíníìkì rẹ̀, kì í ṣe òkú tí ń rìn. Ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀ yẹ kí ó gba ojú kan náà kọjá: iye ìfipamọ́ rẹ̀, bí ó ti san ti tẹ́lẹ̀, irú òwò tí ó ń ṣe.

Bí ẹ̀rù bá sì ń ba àwọn onídùúró, ẹ̀rù yẹn náà ní oògùn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó ní ilẹ̀ mìíràn ní àpò kan tí gbogbo ẹni tí ó yá owó ń dá díẹ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá kú, ìyókù gbèsè rẹ̀ ni a ó fi san, onídùúró kò ní san án, àwọn ọmọ kò sì ní jogún rẹ̀. Ọlọ́kadà yóò dá a, awakọ̀ yóò dá a, obìnrin tí à ń sọ yìí náà yóò dá a. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ kò rí i pé àyà gan-an ni àwọn àgbà dárúkọ.

Nítorí náà, àbá tí ìgbìmọ̀ wa mú wá nìyí. Kí á dá àpò náà sílẹ̀, kí a máa yọ náírà kan lórí 100 náírà ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Kí ó di òfin pé a kò ní béèrè àìsàn tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìwé ẹ̀yáwó. Kí a fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, akọ tàbí abo, ní oṣù mẹ́fà tí kò ní san gbèsè, kí èlé má sì gorí rẹ̀ nínú oṣù mẹ́fà náà. Kí ẹni tí ó bá lọ sí kíníìkì ní ọjọ́ ìpàdé má san owó ìtanràn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yan obìnrin méjì tí yóò máa bá ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí kíníìkì, kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ wọn. Bí a bá lè rí ẹni tí ó ti ní àrùn náà rí láti ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, ó dára jù.

Obìnrin tí ń ta aṣọ ọmọdé ti gbà láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yáwó rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tí ì rí onídùúró kejì. Ìwé àbá náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Alága ti sọ fún wa pé ẹ óò dìbò lé e lórí ní aago mẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ.